"Oní" Kọ́, "Amúdání" Ni: Lórí Ìperí fún Àṣẹ Ìkéde nínú Kókó Kọ̀ǹpútà

Nígbàkúùgbà tí a bá ń jíròrò lórí ìdàgbàsókè èdè-ìperí Yorùbá, ohun tí ó sábà máa ń gba ọkàn wa ni orúkọ ohun-èlò. Kí ni a ó pe ẹ̀rọ báyìí? Kí ni a ó pe apá rẹ̀ báyìí? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó le jù. Èyí tí ó le jù ni ọ̀rọ̀ tí ń sọ bí ènìyàn, tàbí ohun tí ó dúró bí ènìyàn, ṣe bá nǹkan tan: ta ni ó ni nǹkan, ọwọ́ ta ni ó wà, ta ni ó kàn, báwo ni ó ṣe ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá ṣi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì mọ̀. Bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni yóò ṣì mọ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ èyí ni àkójọ ìperí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan, tí a kò tíì tẹ̀ jáde, tí a fi ránṣẹ́ sí àwa bíi mélòó kan pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tí ó ṣe é ṣe, a sì kí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "lock", "àgádágodo" ni wọ́n kọ. Nígbà tí wọ́n sì dé orí ẹni tí "lock" náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "owner", wọ́n fi oní- mọ́ ọn, ó di "alágàádágodo". Ìlànà ìpajẹ àti àrànmọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé pé pérépéré. Ìtumọ̀ ni kò pé. Ẹ lọ sí ọjà Odòde-Ìdànrè lónìí kí ẹ béèrè alágàádágodo: ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àgádágodo ni wọn yóò júwe fún yín.

Kì í ṣe ọwọ́ àwọn aṣáájú wa ni àbùkù yìí ti wá. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà, kò bá kọ̀ǹpútà pàdé nínú kíláàsì. Àwa ni ó kù sí lọ́wọ́. Ó sì kù sí wa lọ́wọ́ ní àkókò tí kò rọgbọ: ní oṣù kọkànlá 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìpàdé tí a sì ti fẹnu kò sí i, Àkúrẹ́ ni ó ti wáyé, tí kò jìnnà sí Ìdànrè rárá. Àwọn tí ń wí pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò máa wá ẹ̀rí kiri. A kò gbọdọ̀ fi "alágàádágodo" ṣe ẹ̀rí fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń wí, nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ yín, kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò aṣàkóso, ètò náà sì ní kókó, ìyẹn apá rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ń pín àkókò, àyè ìrántí àti ohun-èlò fún gbogbo ètò yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti pè é ní "èkùrọ́" létí wa rí. Àwàdà ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n àtúmọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ kò jìnnà sí àwàdà yẹn. "Kókó" ni àwa ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ìlú kòkó bí Ìdànrè, bí atẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, àgbẹ̀ lè rò pé oko òun ni a dá sí.

Kókó tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, tí ó sì wà nínú gbogbo fóònù Android tí ó wà lápò wa lónìí. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ nínú kókó yìí, bí ohun-èlò kan bá já, bí àyè ìrántí bá tán, bí àṣìṣe ńlá bá wáyé, iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní printk tí ó fi ń kéde rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kọ ìròyìn náà sínú ibi ìpamọ́ kan tí a ó pè ní àká ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e jáde sí ojú-ìkéde. Ojú-ìkéde yìí lè jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà gan-an. Ó sì lè jẹ́ wáyà tí ó lọ sí ẹ̀rọ mìíràn níbi tí onímọ̀ ti ń ka ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Wáyà náà lọ́ra púpọ̀. Bí a bá ń fi bíìtì 115200 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí bíìtì 10 sì ń gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà 11520 péré ni yóò kọjá. Ìlà kan tí ó ní lẹ́tà 80 yóò gba nǹkan bí ìdá 7 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Lójú tiwa èyí kò tó ìṣẹ́jú. Lójú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọjọ́ gígùn ni. A bẹ òǹkàwé kí ó fi ìlọ́ra yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí tí ọ̀rọ̀ fi pọ̀.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ìwòyí kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Mẹ́rin, mẹ́jọ, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èyíkéyìí nínú wọn sì lè ní ìròyìn láti kéde. Bí méjì bá dé ojú-ìkéde pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn yóò lọ́ mọ́ra, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè kà á. Ó di dandan kí ẹyọ kan ṣoṣo máa kéde lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù dúró. Ohun tí ń mú èyí ṣeé ṣe ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní "lock".

Irú ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìlú Yorùbá, agogo ìkéde, ti ọba ni. Ọwọ́ akéde ni ó máa ń wà. Kò sí ẹni tí yóò rí akéde ní oríta tí yóò ní òun ni ó ni agogo. Kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn pé nígbà tí agogo wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ni ó lè fi í kéde. Ohun méjì ni nínní àti mímú dání. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bò wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò pọn dandan kí a bá wọn bò ó.

Ní àgbègbè Odòde àti Àlàdé ní Ìdànrè, níbi tí a ti máa ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, a rí àpẹẹrẹ kan tí ó tún súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa ju agogo lọ. Ní àkókò òjò, nígbà tí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú bá ń jà, oògùn ni a fi ń ká a lọ́wọ́ kò, a sì gbọ́dọ̀ máa fín in léraléra. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó ní pọ́ńpù tí a fi ń fín in. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa lo ẹyọ kan. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ (Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí ẹ̀ka-èdè Ìdànrè ní ìró àti wúnrẹ̀n tirẹ̀). Wọn kì í béèrè pé "Ta ni ó ni pọ́ńpù?" Gbogbo wọn ni wọ́n mọ ẹni tí ó rà á. "Ọwọ́ ta ni pọ́ńpù wà?" ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́yìn èyí, "Ta ni ó kàn?" Bí ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti ṣe tán, ó lè dá a padà sílé ẹni tí ó ni ín, ó sì lè fà á lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́ lójú oko, láìjẹ́ pé pọ́ńpù dé ilé rárá. Bí àrùn bá sì ti wọ oko ẹnì kan tí ẹlòmíràn kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, a lè já a gbà.

Gbogbo ìperí tí a nílò ni ó wà nínú ìpínrọ̀ yẹn. Kò sí èyí tí a nílò láti ṣẹ̀ṣẹ̀ hun láti inú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí a tó máa lò wọ́n, ó yẹ kí a dáhùn àríyànjiyàn kan tí àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbé dìde, tí ó sì lágbára. Wọ́n ní mọ́fíìmù oní- kò fi ìgbà gbogbo túmọ̀ sí nínní. Òótọ́ ni. Onílé ni ẹni tí ó ni ilé, ayálégbé kò sì lè di onílé bí ó tilẹ̀ lo ogún ọdún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n onígbèsè kò ni gbèsè bí onílé ti ni ilé. Ọrùn rẹ̀ ni ó wà. Onímọ́tò lè jẹ́ ẹni tí ó fi owó ra mọ́tò, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń wà á kiri fún olówó rẹ̀. Wọ́n wá béèrè pé: bí oní- bá gbòòrò tó báyìí, èéṣe tí kò fi lè gba ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan?

Ìdáhùn wa ni pé gbígbòòrò rẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ipò tí a ti ń sọ̀rọ̀ yóò tú ìtumọ̀ sílẹ̀. Nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo lè ní láti mẹ́nu ba àwọn méjèèjì: ètò tí ojú-ìkéde jẹ́ tirẹ̀, tí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ kókó, àti iṣẹ́ tí ń lo ojú-ìkéde náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí a bá fi oní- pe àwọn méjèèjì, gbólóhùn yóò daru. Àwọn tí ó fẹ́ ya ẹni tí ó ni mọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń wà á kò dúró lórí onímọ́tò. Wọ́n lọ ṣẹ̀dá "awakọ̀". Àpẹẹrẹ yẹn ni kí a tẹ̀ lé.

Nítorí náà, ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a dábàá pé kí a máa pè ní amúdání. Mọ́fíìmù a- tí ń tọ́ka sí olùṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú apẹja àti akọ̀wé, ni ó ṣáájú àpólà-ìṣe "mú dání". Àwọn kan lè dábàá "adìímú". Kò burú, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ Adímú ti àwọn ará Èkó jù fún ìfẹ́ tiwa. Ní ti "lock" fúnra rẹ̀, ó wuni láti pè é ní àmúdání, ohun tí a mú dání, kí ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan máa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Onímọ̀ èdè yóò gbádùn irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí pé ìwé tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. A yàn láti pè é ní àṣẹ àdálò, àṣẹ tí ẹnì kan ṣoṣo lè máa lò lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan yóò ní àwòrán àgádágodo ni ọmọdé ń rí lójú fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àgádágodo tí ó wà lójú fóònù ń dáàbò bo nǹkan lọ́wọ́ àlejò àti olè. Títì ni ìyẹn, a sì ní ọ̀rọ̀ fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kò ní í ṣe pẹ̀lú olè. Ará ilé kan náà ni gbogbo àwọn tí ń dúró de àṣẹ. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń lò mọ́ ọn: wọ́n ń gbà á, wọ́n ń mú un dání, wọ́n ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ta ni ó ń mú àgádágodo dání kí ó tó lè wọ ilé?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kókó Linux, kí a wò ó bóyá wọ́n lè gbé e.

Ìlànà tí printk ń tẹ̀ lé títí di 2018 nìyí. Ẹni tí ó bá ní ìròyìn yóò kọ ọ́ sínú àká, yóò sì gbìyànjú láti gba àṣẹ àdálò. Bí ó bá rí i gbà, kì í ṣe ìròyìn tirẹ̀ nìkan ni yóò kéde. Gbogbo ohun tí ó bá wà nínú àká ni yóò kó jáde títí àká yóò fi ṣófo. Bí kò bá rí i gbà, yóò fi ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ó dá a lójú pé amúdání yóò bá òun kéde rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn kò bá pọ̀, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá ń da ìròyìn sínú àká ju bí wáyà tí ó lọ́ra yẹn ti lè gbé e, amúdání tí ó wá kéde ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yóò di ẹrú àká. Kò ní lè kúrò. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an yóò dúró, títí ètò tí ó ń ṣọ́ àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò fi figbe ta pé èyí ti dákú.

A kò lè sọ ìtàn yìí pẹ̀lú "alágàádágodo" kí ó yé ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí ó ni nǹkan ń jàǹfààní rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ra nǹkan. Níhìn-ín, ìnira ni àṣẹ jẹ́ fún ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí kò rí i gbà ni ara tù. Pọ́ńpù ni ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo ará oko sì ń ké sí i pé kí ó bá àwọn fín tiwọn náà.

Ní ìparí 2017 ni Steven Rostedt, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, gbé àbá kan kalẹ̀ tí ó wọ inú ẹ̀dà 4.16 ní 2018. Ó ní kí a kọ orúkọ amúdání sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń kéde lọ́wọ́. Bí ẹlòmíràn bá wá pẹ̀lú ìròyìn tuntun, tí ó sì rí i pé amúdání ń kéde, kò ní kàn fi ìròyìn sílẹ̀ kí ó sì lọ mọ́. Yóò di ẹni-ó-kàn, yóò sì dúró gbágbá lójú kan. Ẹni-ó-kàn kò lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, amúdání yóò wẹ̀yìn wò. Bí ẹni-ó-kàn bá wà, yóò fa àṣẹ lé e lọ́wọ́, yóò sì padà sí iṣẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù náà ń ti orí ẹnì kan bọ́ sí orí ẹlòmíràn, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè máa rù ú títí lọ.

Ohun kan wà nínú ìlànà yìí tí ó gba àròjinlẹ̀, tí a kò sì fẹ́ kí ògbufọ̀ fojú fò. Nígbà tí amúdání fa àṣẹ léni lọ́wọ́, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìjọ̀wọ́ ni kí a dá pọ́ńpù padà sílé, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ gbé e. Ìfàlénilọ́wọ́ ni pé pọ́ńpù kò dé ilé: ẹni tí ó gbà á kọ́ ni ẹni tí yóò dá a padà. Nínú kókó Linux, irú àṣẹ kan wà tí kò gba èyí láàyè rárá. Ẹni tí ó gbà á nìkan ni ó gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Àbá Rostedt ṣeé ṣe nítorí pé àṣẹ ojú-ìkéde jẹ́ irú kejì, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "semaphore", tí kì í béèrè ẹni tí ó gbà á nígbà tí a bá ń dá a padà. Àwọn onímọ̀ ní láti fi orúkọ amúdání sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀, nítorí àṣẹ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi "àgádágodo tí kò mọ alágàádágodo rẹ̀" sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n "àṣẹ tí kò mọ amúdání rẹ̀" kò ta kókó.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ "semaphore", ó yẹ kí a fi kún un pé apá réluwé tí ń sọ fún ọkọ̀ ojú irin pé kó dúró tàbí kó kọjá ni a ti yá orúkọ náà, àti pé Edsger Dijkstra, ọmọ Netherlands tí ó mú un wọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láàárín ọdún 1960 sí 1965, lẹ́tà P àti V ni ó fi pe gbígbà àti ìjọ̀wọ́. Láti inú èdè Dutch tirẹ̀ ni ó ti mú wọn. Fún P, ó tilẹ̀ hun ọ̀rọ̀ tuntun, "prolaag", tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan nílé wọn. Gbogbo ayé ń kọ P àti V nínú ìwé ẹ̀kọ́ títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó ní kí Dijkstra lọ mú Gẹ̀ẹ́sì wá.

Àtúnṣe 2018 kò yanjú gbogbo rẹ̀. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, John Ogness, tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Linutronix ní Jámánì, pẹ̀lú Petr Mladek àti àwọn mìíràn tí ń bójú tó printk, ti ń tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ní 2020, nínú ẹ̀dà 5.10, wọ́n rọ́pò àká ìròyìn pẹ̀lú èyí tí a lè kọ nǹkan sí láìgba àṣẹ kankan. Lẹ́yìn náà ni ìlànà ojú-ìkéde tuntun tí wọ́n ń pè ní nbcon dé. Nínú rẹ̀, ojú-ìkéde kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀, àkọsílẹ̀ kékeré kan sì wà tí ó ń fi hàn ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ amúdání, ipò tí ó wà, ipò ẹni tí ń béèrè, àti bóyá amúdání wà ní ibi eléwu. Ipò mẹ́ta ni ó wà: ìgbà gbogbo, ìgbà pàjáwìrì, àti ìgbà tí kókó fúnra rẹ̀ ń kú lọ tí ó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀.

Ìpele kẹta yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ amúdání di kò-ṣeé-má-nìí. Nígbà tí kókó bá ń kú, a ó dá gbogbo ọpọlọ yòókù dúró kí ẹyọ kan lè kéde ohun tí ó pa á. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí a dá dúró ni amúdání. Àṣẹ ti kú sí i lọ́wọ́. Bí amúdání kò bá sí ní ibi eléwu, ẹni tí ipò rẹ̀ ga yóò já a gbà lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹni tí ipò rẹ̀ ga yóò kọ́kọ́ béèrè pé kí a fà á lé òun lọ́wọ́, yóò sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí amúdání bá wà ní ibi eléwu, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun-èlò lò tí kò tíì parí, ìjágbà lè ba nǹkan jẹ́, a kì í sì í ṣe é àfi nígbà tí ó bá di pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ rárá. Amúdání tí ó bá sì ṣì wà láàyè kò lè fọkàn balẹ̀ pé tòun ni àṣẹ. Kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ tí ó kàn, ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: ṣé ọwọ́ mi ni ó ṣì wà? Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó gbọ́dọ̀ yẹra láìjiyàn.

Ìbéèrè àgbẹ̀ Ìdànrè nìyẹn gan-an. "Oní" tí a lè gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún un, tí yóò sì kàn yẹra, kì í ṣe oní ní èdè Yorùbá kankan tí a mọ̀.

Kì í ṣe eré ọmọdé ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni apá Linux tí a ń pè ní PREEMPT_RT, tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dáhùn láàárín àkókò tí a ti dá fún un láìyẹ̀, fi wà lẹ́yìn ilé, tí kò lè wọ kókó gbangba. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó dí i lọ́nà gbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ìkéde yìí. Inú ẹ̀dà 6.12 ní 2024 ni ó wọlé. Àwọn ọmọ wa ní àwọn yunifásítì, ti Àkúrẹ́ pẹ̀lú, ń kẹ́kọ̀ọ́ ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà lọ́dọọdún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń há "owner" sórí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni nǹkan. Olùkọ́ tí ó bá lè dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá pé "ọwọ́ ta ni ó wà?" yóò ti ṣàlàyé ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi ojú-ewé méjì wá kiri. Èyí ni a rò pé ó jẹ́ èrè èdè-ìperí: kì í ṣe kí a ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba lọ́kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe kí a rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti da nǹkan méjì pọ̀, kí a sì yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò tíì rí ojútùú rẹ̀ dáadáa. Bí pọ́ńpù bá wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, tí oògùn sì wà lọ́wọ́ èkejì, tí pọ́ńpù ń dúró de oògùn, tí oògùn sì ń dúró de pọ́ńpù, tí kò sí ẹni tí yóò jọ̀wọ́ tirẹ̀, oko méjèèjì ni àrùn yóò jẹ run. Ó tilẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo nínú kókó: amúdání ń kéde lọ́wọ́, nǹkan pàjáwìrì já lù ú, òun náà sì fẹ́ kéde, ó wá ń dúró de àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. "Ìdíra-lọ́wọ́" ni àbá wa, láti inú "dí ara wọn lọ́wọ́". Ẹlẹgbẹ́ wa kan tako o pé ìdílọ́wọ́ lásán kì í pa iṣẹ́ títí láé, pé a máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó fi í sílẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò ká ti ẹni tí ń dúró de ara rẹ̀. A kò tíì rí èsì tí ó tẹ́ wa lọ́rùn fún un. Nínú àkójọ ìperí tí a dá padà fún àwọn tí ó fi í ránṣẹ́, "ìdíra-lọ́wọ́" ni a kọ síbẹ̀, a sì fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.